Kí Ni Ẹ̀gẹ́ Ń Dúró Dè Nínú Àpò?

Ìbéèrè ọmọdé ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí yọ. Nínú oṣù ààwẹ̀ ọdún 2024, ní ilé-kéwú wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, lẹ́yìn tí a ti kí Àìlà tán, tí àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, tí oòrùn sì ń jó páànù lórí wa, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà, oúnjẹ tí a jẹ ní sààrì, níbo ni ó wà báyìí? Ikùn mi ti ṣófo, ó ń pariwo, ṣùgbọ́n mo ṣì lè sáré." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ dá a lóhùn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa, nítorí pé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, àìmọ ìdáhùn irú ìbéèrè yìí wà lára ohun tí ó tú ilé bàbá wa ká.

A kò sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ. Èyí tí a sọ fún wọn ni a ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín, kí a tó wá sọ èyí tí a kò sọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí oúnjẹ bá ti dé ikùn, ó ti di agbára. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ikùn àti ìfun ni kí wọ́n lọ oúnjẹ, kí wọ́n sì yọ́ ọ títí yóò fi wẹ́. Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, àmàlà, bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó lẹ́nu, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ń dà níkẹyìn, ìyẹn irú ṣúgà kan tí à ń pè ní gúlúkóòsì. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé gúlúkóòsì yìí kiri ara, tí ó ń já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn yàrá kéékèèké tí Ọlọ́run fi kọ́ ara wa, bí búlọ́ọ̀kù ṣe wà lára ilé. Ojú lásán kò lè rí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà tán láyé rẹ̀ lọ.

Gúlúkóòsì náà kò tíì di agbára síbẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó mú ẹgbẹ̀rún náírà lódindi gun ọ̀kadà láti ọjà lọ sí ilé. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà ti pariwo fún un kí ó tó gùn ún pé, "Ẹ mú ṣéńjì dání o!" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gúlúkóòsì rí. Owó ńlá ni. Iṣan tí ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ọpọlọ tí ó fẹ́ ronú, ọkàn tí ó fẹ́ lù kìkì, kò sí èyí tí ó lè ná an lódindi nínú wọn. Ṣéńjì ni wọ́n ń gbà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ṣéńjì náà ni ATP.

Níbo ni wọ́n ti ń ṣẹ́ owó ńlá náà? Nínú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ààrò kéékèèké wà, tí à ń pè ní maitokọ́ńdíríà. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn, ìyẹn èyí tí ó wúlò jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ti ń pàdé oúnjẹ. Wọ́n ń jó o, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná tí ń jó fòò bí iná igbó. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jó, ní ìpele ìpele, kí ó má baà jó onílé mọ́lé. Ohun tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde ni afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí à ń mí síta, àti omi, àti ooru tí ó ń mú ara wa lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ kódà nígbà ọyẹ́, àti ATP. Bí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ lónìí, ẹyọ gúlúkóòsì kan ń mú ATP bí 30 tàbí 32 wá. Ara kì í sì kó ATP pamọ́. Bí ó ti ń wọlé ni à ń ná an. Bí a bá ro gbogbo ATP tí ara àgbàlagbà ń ṣe, tí ó ń ná, tí ó sì tún ń ṣe padà láàárín ọjọ́ kan pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ara ẹni náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ààrò bá kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ọpọlọ àti ọkàn ti jẹ gbèsè tí wọn kò lè san.

A wá dá ọmọ náà lóhùn pé, "Oúnjẹ sààrì rẹ ti kúrò ní ikùn, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ́kù, ẹ̀dọ̀ ti kó o pamọ́ bí ẹni kó àgbàdo sí àká. Bí àká yẹn bá ń gbẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá tí ó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo rẹ̀, èémí rẹ ni ó ń jó o." Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, Ààfáà, èémí náà wà lára oúnjẹ." A ní kí ó tún un sọ kí gbogbo kíláàsì gbọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ka sáyẹ́ǹsì á ti gbọ́ orúkọ Krebs, àwọn mìíràn á sì ti ṣépè fún un ní àsìkò ìdánwò. Ẹ má ṣépè fún un. Dókítà ará Jámánì ni Hans Krebs. Ní ọdún 1933, nígbà tí Hitler gba ìjọba, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé Júù ni, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú Sheffield, ní ọdún 1937, iṣan àyà ẹyẹlé ni ó fi ṣe ìwádìí, nítorí pé iṣan tí ń gbé ẹyẹ fò a máa jó oúnjẹ kíákíá. Ó rí i pé jíjó oúnjẹ nínú sẹ́ẹ̀lì kò lọ gbọọrọ bí ọ̀nà oko. Yíyí ni ó ń yí po, bí ọkọ̀ tí ń ná Ìlá sí Ọ̀rà, tí ń já ẹrù lọ́nà, tí yóò sì padà sí ibi tí ó ti gbéra kí ó tún lè kó òmíràn. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Nature, wọ́n dá a padà fún un. Ní ọdún 1953, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel. A máa ń sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ tí wọ́n bá ṣubú nínú ìdánwò.

Bí kò bá sí ọ́síjìn ńkọ́? Ìlá wa yìí, ìlú àwọn adẹ́mu ni láti ayébáyé. Àwa kì í mu ẹmu, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a gbé dàgbà, imú wa sì mọ ìgbà tí ó bá kan. Bí ẹmu ọ̀pẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sínú akèrègbè, ó dùn bí omi ṣúgà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ń hó, ó ti ń fún ènìyàn nímú. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí à ń pè ní ìwúkàrà ni ó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ṣúgà náà. Bí wọ́n bá ti rì sísàlẹ̀ níbi tí ọ́síjìn kò sí, wọn kò lè jó ṣúgà náà dé òpin, ATP 2 péré ni wọ́n ń rí lórí ẹyọ gúlúkóòsì kan, ọtí ni wọ́n sì ń fi ìyókù dà. Iṣan ẹsẹ̀ wa náà a máa ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń sáré tete, àfi pé kì í ṣe ọtí ni tirẹ̀ ń dà, irú omi kíkan kan ni. Iṣan lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ọpọlọ kò lè fara dà á.

Ó wá ku ohun kan. Bí oúnjẹ bá wà, tí èémí náà sì wà, ṣùgbọ́n tí ohun kan wá ti ilẹ̀kùn ààrò pa, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Èyí ni a kò sọ fún àwọn ọmọ.

Oṣù Júùnù ọdún 1984 ni. Àwọn àgbà á rántí ọdún náà. Ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ti pààrọ̀ àwọ̀ owó ní oṣù Épírì, oúnjẹ wọ́n, iṣu tuntun kò tíì jáde, oṣù ààwẹ̀ sì bọ́ sí àárín rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wá. Bàbá wa ní ìyàwó méjì. Ìyá wa ni ìyáálé. Èkejì, tí à ń pè ní Ìyá Kékeré, ọmọ Òkè-Ìlá ni, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ó wọlé, ó sì ní ọmọ ọwọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀gẹ́ kíkorò ni a hú ní oko, irú èyí tí à ń gbìn nítorí pé ẹranko kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á jẹ́. Ìyá wa ní láti lọ sí Ọ̀rà, níbi tí àbúrò rẹ̀ ti bímọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí ó ń lọ, ó ní kí a bó ẹ̀gẹ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí a gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ kí wọ́n bá wa rin ín, kí a dì í sínú àpò, kí a sì gbé òkúta lé e lórí níbẹ̀. Òun á dé ní Ọjọ́bọ̀, òun á sì yan án ní gààrí.

Ní Ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀lù ni a gbá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a dé ibi ẹ̀rọ, wọ́n ní dísù ti tán. Alẹ́ Ọjọ́rú ni a tó rin ín. Nígbà tí ìyá wa bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ibi ẹ̀rọ ni ó gbà lọ tààrà. Omi ṣì ń ṣàn lábẹ́ àpò. Ó ní, "Ìgbà wo lo rin ẹ̀gẹ́ yìí?" A ní, "Ọjọ́ Ajé ni, Màámi." Ó bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Kò kan." A búra. Nínú ààwẹ̀ ni a búra.

Òjò ti pa igi ìdáná lọ́jọ́ náà, nítorí náà iná kò jó geere, gààrí náà kò sì gbẹ tán. Kò sí ohun mìíràn nílé. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ìyá wa wọ ilé ìdáná lọ láti se ẹ̀wà àti ògì ìṣínu. Àbúrò wa obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, kò tíì jẹun láti àárọ̀, ó ń sunkún. Ìyá Kékeré ni ó bu gààrí náà sínú abọ́, ó da omi tútù sí i, ó fún un. Ọmọ náà mu ún tán, ó béèrè òmíràn, ó tún bu òmíràn fún un. Àánú ọmọ náà ni ó ṣe é.

Kí a tó kí Ìṣáì tán, ọmọ náà ní òòyì ń kọ́ òun. Ó bì. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ohun tí a kò lè gbàgbé títí a ó fi kú ni èémí rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí àyà ẹni tí ó sáré láti oko délé, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ni ó wà. Ó ń mí, ó ń mí púpọ̀púpọ̀, síbẹ̀ ó ń lọ mọ́ wa lójú. Wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe. Epo kò ṣe nǹkan kan. Bàbá wa gbé e sẹ́yìn alùpùpù ará àdúgbò kan, ó di ilé-ìwòsàn, àwa sì sáré tẹ̀lé wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ ní apá rẹ̀, a rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà pọ́n yòò, ó pọ́n ju bí a ti rò pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yẹ kí ó pọ́n lọ. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Nígbà tí ó di ìdájí, ó béèrè omi mu. Ọlọ́run dá a sí.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ta ni ó fún un ní oúnjẹ? Ìyá Kékeré. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó fún un? Ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní májèlé ni. Wọ́n ní gbogbo ilé ni ó jẹ ẹ̀bà gààrí kan náà lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ló dé tí kò ṣe ẹlòmíràn? (Inú run ọ̀pọ̀ nínú wa lóru náà, òòyì sì kọ́ wa, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ni a pè é. Díẹ̀ ni a sì jẹ, ẹ̀wà ti wà nínú wa tẹ́lẹ̀.) Bàbá wa kò lé e. Kò sì gbèjà rẹ̀. Ó dákẹ́. Ìyá wa náà dákẹ́. Àwa tí a mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ náà kò lò ju òru kan lọ nínú àpò, àwa ni a dákẹ́ jù. Kí a tó ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Ìyá Kékeré ti pọn ọmọ rẹ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti gba Òkè-Ìlá lọ.

Ní ọdún 1987, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tíṣà bàọ́lọ́jì wa ń kọ́ wa bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jó oúnjẹ. Ó ya ààrò náà sójú pátákó. Ó ní ní ìpele tí ó kẹ́yìn, òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ó ní irin lára, òun ni ó ń gba ọ́síjìn wọlé, bí òun kò bá ṣiṣẹ́, gbogbo ìpele tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dá dúró bí ọkọ̀ ṣe ń tò sẹ́yìn ara wọn nígbà tí ọ̀nà bá dí. Ó ní ará Jámánì kan, Otto Warburg, ọ̀gá tí Krebs kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1931 lórí òṣìṣẹ́ yìí, àti pé májèlé kan wà tí ń lẹ̀ mọ́ irin náà pinpin, tí kò ní jẹ́ kí ó gba ọ́síjìn. Orúkọ rẹ̀ ni sáyánáìdì. Ó ní, "Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ á máa mí, ọ́síjìn á kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á pọ́n yòò nítorí pé kò sí ẹni tí ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń kú fún àìrí èémí." Ó wá yíjú padà sí wa, ó ní, "Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni májèlé yìí wà o. Ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí ẹ jẹ láàárọ̀."

Ọwọ́ wa dá dúró lórí ìwé.

Bí tíṣà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí, a sì ti kà á nínú ìwé lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ẹ̀gẹ́ kì í ru sáyánáìdì kiri lásán. Nínú sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, ó de májèlé náà mọ́ ṣúgà, wọ́n ń pè é ní linamarin. Ohun tí ó lè tú ìdè náà wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ògiri ló là wọ́n láàárín. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri náà wó, àwọn méjèèjì pàdé, májèlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣùgbọ́n kì í tú tán lójú ẹsẹ̀. Ó ń fẹ́ àsìkò. Ohun tí ẹ̀gẹ́ ń dúró dè nínú àpò nìyẹn, kì í ṣe kí omi gbẹ nìkan. Díẹ̀ nínú májèlé náà ń bá omi lọ lábẹ́ òkúta. Èyí tí ó pọ̀ ń fò lọ nínú afẹ́fẹ́, nítorí pé kò nílò ju ìwọ̀n ooru 26 sẹ́ńtígíréèdì lọ kí ó tó di afẹ́fẹ́, ooru ọ̀sán Ìlá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná agbada ni ó ń lé ìyókù. (Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àwọn ìyá wa máa yan gààrí nínú ilé tí kò ní fèrèsé. Àtíbàbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ó dára.) Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi fún fùfú tàbí láfún, ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà. Àwọn ìyá ìyá wa kò mọ orúkọ sáyánáìdì, ẹ̀gẹ́ gan-an sì jẹ́ àlejò tí àwọn ará Potogí gbé wá láti Bràsíìlì, síbẹ̀ wọ́n ti mọ iye ọjọ́ tí ó yẹ kí ó lò.

Tíṣà wa sọ fún wa lọ́jọ́ náà nípa ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, tí kò jìnnà sí wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, ó wádìí àìsàn kan láàárín àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ olórí oúnjẹ wọn. Ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ojú àwọn mìíràn ń ṣú, etí àwọn mìíràn ń di. Àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1968 fi hàn pé ohun tí sáyánáìdì máa ń dà nínú ara pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e ti bá a jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fa àìsàn náà, ìwádìí kì í sì í tán lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú ní ọdún 1995.

Èyí tí kò sí iyèméjì púpọ̀ lórí rẹ̀ ni ti ilẹ̀ Mòsáńbíìkì. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè náà, ohun gbogbo kú, ó ku ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ebi kò jẹ́ kí àwọn obìnrin lè dúró de iye ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó yẹ. Ó lé ní 1,000 ènìyàn, ọmọdé àti obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí ẹsẹ̀ wọn le gbandi lójijì tí kò sì ná mọ́. Ní ilẹ̀ Kóńgò wọ́n ti mọ àìsàn náà tẹ́lẹ̀, kónsò ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè àwọn Yaka sì ni ẹsẹ̀ dídè. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹ̀gẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ebi ni. Ara wa ní ọ̀nà tí ó ń gbà pa oró sáyánáìdì, ṣùgbọ́n èròjà tí ó fi ń ṣe é, inú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran ni ó ti ń rí i. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lásán láìsí ọ̀kan nínú wọn, òun ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo jù. Àwọn àjọ àgbáyé ti fi òté lé e pé sáyánáìdì inú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílógíráàmù kan. Ta ni yóò wọ̀n ọ́n fún wa ní ọjà? Ahọ́n ìyá wa tí ó ní "Kò kan" lọ́jọ́ náà, òun ni òṣùwọ̀n tí a ní, àwa sì fi ìbúra bò ó mọ́lẹ̀.

Nínú ọdún 2024 tí ọmọ náà bi wá léèrè, gààrí tún wọ́n bí ojú. A rí àwọn tí wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n ń fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ń yan án nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n lè tètè bá ọjà. Jáàkì ń ṣe iṣẹ́ òkúta dáadáa. Kò lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ̀gẹ́ náà bá jẹ́ oríṣi dídùn, ó lè má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ irú èyí tí ó wà nínú àpò ẹlòmíràn?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí tíṣà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà, a dúró títí bàbá wa fi kírun tán. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bọ́ọ̀lù, dísù, alẹ́ Ọjọ́rú, ìbúra. A ṣí ìwé wa, a fi àwòrán ààrò náà hàn án. Bàbá wa kò kàwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ nǹkan tí à ń sọ. Kò nà wá. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá wa lójú. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó ní kí a mú ìwé náà dání, a sì jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlá.

Ìyá Kékeré ti fẹ́ ọkọ mìíràn. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni a ti bá a. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá wa. Ọmọ rẹ̀, àbúrò wa, ti ń sáré kiri, kò mọ̀ wá. Bàbá wa ní kí a sọ̀rọ̀, a sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ṣí ìwé náà, ọwọ́ wa ń gbọ̀n. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá wa lẹ́nu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá, kò sì kan sáyánáìdì rárá. Ó ní, "Lọ́jọ́ náà tí wọ́n ń pè mí lápànìyàn, o mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ náà kò pé ọjọ́?"

A ní, "Mo mọ̀, mà."

Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ ti rìn jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan fún yín." Ẹ̀bà ni ó gbé wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ó kan dáadáa. Bàbá wa kò lè jẹ tirẹ̀. Àwa jẹ tiwa tán, ó sì dúró tì wá títí a fi fọ ọwọ́.